Ìwádìí lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá, ààbò àti òfin àgbáyé: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀

Láti ìgbà tí ará ilé ti gbọ́ pé mo gba oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin tán, tí mo tún wọ inú ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń pè ní postdoc, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń bi mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) tí wọ́n bí mi sí, wọ́n ń bi mí ní Kétu tí í ṣe ìlú ìyá mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Sábẹ̀ náà ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èyí tí wọ́n bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Ìdáhùn mìíràn á gùn, òmíràn á kúrú, nítorí àwọn ìbéèrè náà kò wúwo bákan náà.

Kí ni postdoc yìí? Ṣé ìwé tí ẹ ń kà kò tíì tán ni?

Ìyá mi àgbà ló kọ́kọ́ bi mí. Ìwé kíkà ti tán, Màmá. Ẹni tó gba oyè Ọ̀mọ̀wé ti fi hàn lábẹ́ ojú ọ̀gá pé òun lè ṣe ìwádìí. Postdoc ni àkókò tó tẹ̀ lé e, ọdún kan sí mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, tí yunifásítì tàbí ilé ìwádìí kan á gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o máa ṣe ìwádìí tìrẹ, kí o sì máa tẹ àbájáde rẹ̀. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún ọ. Kò sí ìdánwò níbẹ̀, kò sì sí oyè mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní kí Màmá wo ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, síbẹ̀ ọwọ́ tirẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń dá mọ̀ lára aṣọ. Ó yé wọn lójú ẹsẹ̀. Fún wa ní Bẹ̀nẹ̀, àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: ọ̀dọ̀ CAMES, àjọ ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, ni ìgbéga olùkọ́ yunifásítì ń gbà kọjá, ìwé tí èèyàn sì tẹ̀ jáde ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá fi ọdún méjì kọ̀wé láìsí wàhálà ìkọ́ni lọ́rùn ti lọ jìnnà.

Kí ló da ọgbọ́n àtọwọ́dá pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ààbò?

Ẹ gbàgbé rọ́bọ́ọ̀tì inú fíìmù. Ohun tí mò ń sọ ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi àìmọye àwòrán kọ́, títí ó fi lè wo ohun tí kò rí rí kó sì sọ pé ọkọ̀ nìyí, èèyàn nìyí, ìbọn nìyí. Bí wọ́n bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú dróònù, tàbí sínú yàrá tí ọ̀gágun ti ń pàṣẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè pinnu ibi tí àdó olóró máa bọ́ sí.

Kò jìnnà sí wa. Àwọn agbébọn ń gba ìhà Burkina Faso àti Niger wọ Alibori àti Atacora ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ológun tí wọ́n sọ ní Mirador lọ́dún 2022. Àwọn ọmọ ogun Mali àti Burkina Faso ti ń lo dróònù Bayraktar TB2 tí wọ́n rà ní Tọ́kì. Èèyàn ló ń darí TB2 láti orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń dá ṣe nínú irú dróònù bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé. Ọkùnrin kan gun alùpùpù lóru, ó di kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà mọ́ ẹ̀yìn, kpayo ló wà nínú wọn, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé, kò tan iná nítorí àwọn aṣọ́bodè. Lójú kámẹ́rà tó ń ríran nípa ooru láti òkè réré, kí ni ọkùnrin yìí? Ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ènìyàn kan, ẹrù tó tóbi, ojú ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń gbà á lóru. Ọmọ Àjàṣẹ́ èyíkéyìí á ti mọ̀ pé kpayo ni. Ẹ̀rọ kò mọ kpayo, àfi bí ẹnìkan bá ti fi hàn án. Tàbí ọdẹ Sábẹ̀ tó gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, tó wọ igbó ẹ̀bá odò Ọ̀pàrà. Bó bá jẹ́ pé nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, ẹni tó gbé ìbọn nínú igbó jẹ́ ọ̀tá, ọ̀tá ni ọdẹ wa á jẹ́ lójú rẹ̀.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Lọ́dún 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán àwọn ètò tó ń wojú èèyàn sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin wò. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe tó pọ̀ jù tí wọ́n rí kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7. Ètò tí wọ́n ń tà lọ́jà ni, àwòrán tó hàn kedere ni wọ́n sì fi dán wọn wò. Ẹ wá ronú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóru.

Ṣé ẹ̀rọ tó ń dá pinnu ẹni tó máa pa ti wà?

Lóṣù Kẹta 2021, àwọn ògbógi tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn lórí ọ̀rọ̀ Líbíà tẹ ìròyìn kan tó dárúkọ Kargu-2, dróònù tí wọ́n ṣe ní Tọ́kì. Wọ́n ní wọ́n fi ṣọdẹ àwọn ọmọ ogun tó ń sá padà, àti pé wọ́n ṣètò rẹ̀ tó fi lè kọlu èèyàn láìjẹ́ pé ó ń bá ẹni tó rán an sọ̀rọ̀. Ìròyìn náà kò sọ ní pàtó pé ó pa ẹnikẹ́ni. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ti jiyàn lórí ìpínrọ̀ kan yẹn ju bí ẹ ṣe lè rò lọ.

Òfin wo ló wà lórí rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé kò sí òfin kankan nítorí ohun tuntun ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́dún 1996, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní Hague gba Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nímọ̀ràn lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì, ó sì sọ níbẹ̀ pé òfin ogun kan gbogbo ohun ìjà: ti àtijọ́, ti ìsinsìnyí, ti ọjọ́ iwájú. Nítorí náà àwọn Àdéhùn Geneva ti 1949 àti Ìlànà Àfikún Kìíní ti 1977 kan dróònù ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá bí wọ́n ṣe kan àgbá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yìnbọn: kó ya ọmọ ogun sọ́tọ̀ kúrò lára ará ìlú, kó wò ó bóyá òfò tó máa bá ará ìlú pọ̀ ju èrè ogun náà lọ, kó sì ṣọ́ra tó bó ṣe lè ṣọ́ra.

Ẹ tún wo abala 36 nínú ìlànà ti 1977. Òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni wọ́n sì ń ṣàìka sí jù. Ó ní orílẹ̀-èdè tó bá ń wádìí ohun ìjà tuntun, tó ń ṣe é, tó ń rà á tàbí tó fẹ́ gbà á lò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin gbà á. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ rírà. Òfin náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ ohun ìjà. Ó dé ọ̀dọ̀ àwa tí à ń rà.

Ohun tí kò tíì sí ni àdéhùn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ apànìyàn wọ̀nyí ní pàtó. Ní Geneva, lábẹ́ àdéhùn 1980 lórí àwọn ohun ìjà kan, ìgbìmọ̀ ògbógi ìjọba ti ń jókòó lé e lórí láti 2017. Lọ́dún 2019 wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà 11. Ìgbìmọ̀ yẹn kì í pinnu ohunkóhun àfi tí gbogbo orílẹ̀-èdè bá gbà, nítorí náà ẹyọ orílẹ̀-èdè kan lè dá gbogbo ọ̀rọ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbé e lọ sí Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Lóṣù Kejìlá 2023, orílẹ̀-èdè 152 dìbò fún ìpinnu àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, 4 kọ̀, 11 kò dá sí i. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2024, 166 ló gbà, 3 ló kọ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2023, Akọ̀wé Àgbà António Guterres àti ààrẹ Ìgbìmọ̀ Àgbáyé Croix-Rouge, Mirjana Spoljaric, ti jọ ké sí àwọn ìjọba pé kí wọ́n ti parí àdéhùn tuntun nígbà tó bá máa fi di 2026.

Òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá ńkọ́, èyí tó wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2024? Ó yọ ọ̀rọ̀ ogun àti ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ẹ má fi í jiyàn nínú àròkọ yín.

Ṣé òfin àgbáyé tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Àwọn alágbára ò kúkú ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ ààlà wa pẹ̀lú Niger. Erékùṣù 25 ló wà lójú odò tí a ń jà sí, Lété ló tóbi jù. Bẹ̀nẹ̀ àti Niger gbé ẹjọ́ náà lọ sí Hague, ìdájọ́ sì jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2005: 16 fún Niger, Lété nínú wọn, 9 fún wa. Ó dun àwọn kan nílé, síbẹ̀ a gbà. 

Bí ẹ̀rọ bá pa aláìṣẹ̀, ta ni yóò jẹ́jọ́?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ìwádìí mi. Ẹ jẹ́ kí n falẹ̀ díẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ ládùúgbò, ilé olówó ajá la ń lọ, a kì í bi ajá léjọ́. Òfin àgbáyé náà ń rò bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Ohun tí ọmọ ogun ṣe, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ṣe é. Irinṣẹ́ tó lò kò yí ìyẹn padà. Orílẹ̀-èdè náà lè san owó gbà-máà-bínú, ó lè tọrọ àforíjì.

Ibi tó ti díjú ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Àdéhùn Róòmù tó dá Ilé Ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀, èyí tí Bẹ̀nẹ̀ fòǹtẹ̀ lù lọ́dún 2002, ní a kò lè dá ènìyàn lẹ́bi àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: abala 30. Ọmọ ogun tó tẹ bọ́tìnnì á ní ẹ̀rọ ló sọ fún òun pé agbébọn ni. Ọ̀gá rẹ̀ á ní òun kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà lè ṣìnà. Ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà wà ní ìlú òkèèrè, kò gbọ́ orúkọ Karimama ní Alibori rí, á sì ní òun kò jagun. Gbogbo wọn lè máa sọ òtítọ́. Ọkùnrin onikpayo sì ti kú.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń pe èyí ní àlàfo nínú òfin. Èmi kò gbà pé inú òfin ni àlàfo náà wà. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ló wà. Kí ohun ìjà tó dé òkè, ẹnìkan ti buwọ́ lùwé pé ká rà á. Ẹnìkan ti dán an wò, tàbí kò dán an wò. Ẹnìkan ti pinnu pé bó bá dá ẹ̀rọ lójú tó báyìí, kó dárúkọ ènìyàn bí ọ̀tá. Bí a bá ní kí gbogbo àwọn wọ̀nyí kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pinnu, "mi ò mọ̀" kò ní rọrùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdí tí mo fi di abala 36 mú nìyẹn. Ìdánwò tí olùtajà ṣe ní ìlú tirẹ̀ kò tó. Kí orílẹ̀-èdè tó rà á fi ojú ilẹ̀ tirẹ̀ dán an wò: ọ̀nà erùpẹ̀ tiwa, ọdẹ tiwa, darandaran tiwa, kpayo tiwa. Bí kò bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kó má gbéra.

Àwọn ará Kétu ti kọ́ èyí sínú amọ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá ti dé Àkàbà Ìdènà mọ bó ṣe rí: ilẹ̀kùn kan níta, ilẹ̀kùn kan nínú, àyè láàárín wọn tí àwọn olùṣọ́ ti ń bi àlejò ní orúkọ àti ìrìn àjò rẹ̀. Ẹni tó kọjá ilẹ̀kùn kìíní kò tíì wọ̀lú. Mo máa ń fi fọ́tò Àkàbà náà han àwọn tí à ń jọ ṣèpàdé, mo sì ń sọ fún wọn pé ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ wa ni àyè àárín méjèèjì yẹn.

Ṣùgbọ́n èèyàn ṣì ló ń tẹ bọ́tìnnì. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ó sinmi lé ìṣẹ́jú tó ní. Bí ẹ̀rọ bá ń gbé orúkọ àti àmì ibi jáde léraléra, tí wọ́n sì fún ọmọ ogun ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lórí ìkọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sí. Èèyàn a tún máa gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ, pàápàá bó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Èdè tún ń dá kún un. Ní Geneva, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé kí "control" wà lọ́wọ́ èèyàn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí ọwọ́ rẹ wà lórí ìdarí ọkọ̀. Ní Faransé, "contrôle" ni ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe lójú títì Àjàṣẹ́ sí Kútọnu: ó wo ìwé rẹ, ó ní kí o máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún Màmá ní Yorùbá, mo ní láti yan ọ̀kan: ṣé àyẹ̀wò ni àbí ìkáwọ́? Mo yan ìkáwọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo ń jà fún nínú ìwé tí mò ń kọ ní Faransé.

Kí ni Áfíríkà ń sọ? Àbí a kàn ń wòran?

A kò wòran. Lóṣù Kẹrin 2024, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí à ń pè ní CEDEAO nílé, pàdé ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, wọ́n sì gbé ìkéde jáde pé ká ṣe òfin tó máa de àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Lóṣù Kìíní ọdún yẹn, Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà àti Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gba ìwé kan wọlé tó sọ bí òfin àgbáyé ṣe kan ohun tí ìjọba ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóṣù Keje, ní Accra, Àjọ náà tún gba ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àdéhùn Malabo lórí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì àti dátà ara ẹni, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014, kò di òfin títí di oṣù Kẹfà 2023. Ọdún mẹ́sàn-án! Ìyẹn bí mi nínú.

Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́?

A ní òfin lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù Kẹrin 2018, a ní APDP tó ń dáàbò bo dátà ara ẹni, a sì ní ètò ìjọba lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá fún 2023 sí 2027. Ọ̀rọ̀ ogun ni kò fara hàn tó nínú wọn. Ẹni tó bá ń wá àkòrí ìwádìí, ó wà níbẹ̀.

Òfin ni mo kọ́, mi ò mọ kọ̀ǹpútà. Ṣé mo lè ṣe é?

O lè ṣe é, ṣùgbọ́n má fi àìmọ̀ ṣe ìgbéraga. Èmi náà jókòó ti àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ fún oṣù mélòó kan kí n tó gbọ́ èdè wọn. IMSP wà ní Dangbo, ẹ̀bá Àjàṣẹ́ níbí. Wọ́n ń kọ́ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Wá ẹnìkan tó máa jẹ́ kí o rí bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣìnà pẹ̀lú ojú ara rẹ. Ẹ̀yin tó kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ka òfin bákan náà.

Níbo ni a ti ń rí owó rẹ̀?

Èyí tó lókìkí jù ní Yúróòpù ni ètò owó ìwádìí Marie Skłodowska-Curie. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọn kò gbà, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ti gba oyè Ọ̀mọ̀wé, kó má sì tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ. Bí o bá sì ti gbé ní orílẹ̀-èdè tí o fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú, wọn kò ní gbà ọ́ síbẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn. Jámánì ní ti Humboldt. Ní Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, Iso Lomso wà fún àwa ọmọ Áfíríkà. Ní èdè Xhosa, "ojú ọ̀la" ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ní Hague, ilé ìwádìí Asser ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí òfin àti ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú ogun. Ní Geneva, UNIDIR, ilé ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ohun ìjà.

Kí o tó kọ̀wé béèrè owó, wá olùgbàlejò. Kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí o ti ka iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, sọ ohun tí o gbà nínú rẹ̀ àti ohun tí o kò gbà. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo kọ̀wé ni wọ́n gbà mí. Ní àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ bí ẹni pé Geneva ni wọ́n bí mi sí. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè kọ. Ní ẹ̀kejì mo kọ nípa kpayo.

Ẹ tètè wá físà o. Wọ́n dá ìwé mi padà lẹ́ẹ̀kan nítorí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo, mo sì pàdánù ìpàdé tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí.

Èmi obìnrin láti Sábẹ̀, ṣé wọ́n á gbà mí?

Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi. Àwọn méjì tí mo dárúkọ lókè, tí wọ́n dán àwọn ètò awojú wò, obìnrin ni wọ́n, ọ̀kan ọmọ àwọn ará Gánà, èkejì ni wọ́n bí sí Ethiopia. Kọ̀wé sí mi nígbà tí o bá ti ní àkòrí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ kà?

Abala 36. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí àbúrò mi ọkùnrin túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún Màmá. Ó rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà. Ohun ìjà kò fún un ní wàhálà, ọgbọ́n ogun náà kò fún un ní wàhálà. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó ti sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, ó gbé kálámù sílẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní ọta, tí kò ní ẹnu, tó kàn ń sọ fún ọ̀gágun pé ẹni báyìí ni kó pa, ṣé ohun ìjà ni àbí kì í ṣe ohun ìjà?"

Ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń san owó oṣù fún mi lé lórí fún ọdún méjì.